Òmìnira Nílùú Kékeré: Ẹ Ṣe Èyí, Ẹ Má Ṣe Tọ̀hún

Òmìnira tí tẹlifíṣọ̀n máa ń fi hàn wá ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ti Àbújá ni: sójà tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, bàálù tó ń fò kọjá, àwọn lóókọlóókọ tí aṣọ wọn ń dán. Ti ìlú kékeré yàtọ̀. Pápá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, tí wọ́n gé koríko rẹ̀ lánàá, tí wọ́n fi ẹfun fa ìlà funfun sí. Àtíbàbà mẹ́ta, àga oníke, àti jẹnẹrétọ̀ kan tó ń pariwo bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n pè wá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wọ́gi lé yíyan ti Àbújá ní 2025, ẹni tó wà ní Òkèihò tàbí Ìgbájọ kò pàdánù ohun kan. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà, ìlú tí kì í ṣe olú-ìlú káńsù pàápàá sì lè ṣe tirẹ̀ lábẹ́lé. Ẹ̀yin kọ̀míìtì, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin alága, ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti Èkó, ìmọ̀ràn mi rèé. Ìbéèrè kan ni mo fi ń wọn gbogbo rẹ̀: ta ló wà nínú oòrùn, ta ló wà lábẹ́ àtíbàbà?

Ṣe. Ẹ wo ọjọ́ ọjà kí ẹ tó wo kàlẹ́ńdà ìjọba.

Ọjà ọrọọrún kò mọ̀ pé Òmìnira dé. Bí ọjọ́ kìíní bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, àwọn ìyá tó yẹ kó wà ní pápá yóò wà nídìí iṣu àti gàrí. Ẹnikẹ́ni kò sì lè bá wọn wí, torí alájàpá tó ti Ìbàdàn wá kò ní padà wá lọ́la. Ẹ ti ka ọjọ́ náà sílẹ̀ láti oṣù kẹjọ. Ìyálọ́jà mọ̀ ọ́n kà ju akọ̀wé káńsù lọ. Bí méjèèjì bá pàdé, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago méje kí ẹ tú ká ní mẹ́sàn-án, kí eré àti ìdíje dúró di ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ọjà bá ti tú. Ẹ má ṣe ní kí wọ́n ti ọjà pa. Alága tó bá ti ọjà pa kí wọ́n lè wá gbọ́ ọ̀rọ̀ òun, ọjọ́ ìdìbò ni yóò gbọ́ èsì.

Ti ìjọba náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bí ọjọ́ kìíní bá bọ́ sí Sátidé tàbí Àìkú, Mọ́ńdè ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìsinmi, bó ti rí ní 2022 àti 2023. Ẹ tètè pinnu èyí tí ẹ ó mú. Sátidé ti kún fún òkú àgbà àti ìgbéyàwó. Mọ́ńdè ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Èkó yóò máa kùn pé ọ̀nà jìn.

Ṣe. Ẹ dé ààfin kí ẹ tó tẹ ìwé ìpè.

Ìjà tó máa ń bẹ́ sílẹ̀ ní pápá kì í ṣe ti owó nígbà gbogbo. Ti ìwọlé ni. Ọba kì í jókòó de ẹnikẹ́ni. Alága káńsù náà sì ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé àlejò pàtàkì ló ń dé kẹ́yìn. Bí ẹ kò bá yanjú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó rí ọkọ̀ méjì tí wọ́n gúnlẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, tí ọ̀kan ń ṣọ́ èkejì, tí àwọn ọmọ sì ń dúró. Kò le rárá. Kí alága lọ kí Kábíyèsí láàfin láàárọ̀, kí wọ́n jọ jáde. Alága yóò ti dọ̀bálẹ̀ níbi tó yẹ kó ti dọ̀bálẹ̀, Kábíyèsí yóò sì dé pápá pẹ̀lú ìjọba lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tí iyì rẹ̀ dín.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó dà bíi pé kò tó nǹkan. Bí orin orílẹ̀-èdè bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, atọ́kùn ètò máa ń pàṣẹ pé kí gbogbo ọkùnrin ṣí fìlà. Ẹ kìlọ̀ fún un kó yọ Kábíyèsí sílẹ̀. A kì í rí orí ọba ní gbangba. Atọ́kùn tó jẹ́ ọmọ ìlú mọ̀ ọ́n. Èyí tí ẹ háyà láti ìgboro lè má mọ̀.

Má ṣe. Ẹ má fi ọmọ sínú oòrùn de àgbà.

Bó ṣe máa ń lọ rèé. Ìwé ìpè ní aago mẹ́jọ. Tíṣà tí kò fẹ́ kí iléèwé òun pẹ́ sọ fún àwọn ọmọ pé aago mẹ́fà ààbọ̀. Ìyá wọ aṣọ tó ti lọ̀ lálẹ́ fún ọmọ, ẹ̀kọ kò tíì tutù, ọmọ ti sáré jáde. Aago mẹ́jọ kọjá, mẹ́sàn-án kọjá. Lábẹ́ àtíbàbà, àga iwájú ṣófo, aṣọ funfun tí wọ́n fi bò wọ́n ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ọmọ àkọ́kọ́ ṣubú. Àwọn ọmọ Red Cross gbé e lọ sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n da omi sí i lórí, gbogbo èèyàn ní “pẹ̀lẹ́ o”, ìdúró sì ń bá a lọ.

Ẹ má pe ìyẹn ní àmúwá Ọlọ́run. Àwa la ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ lè jókòó sínú kíláàsì wọn títí alága yóò fi dé ẹnu géètì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún iléèwé mẹ́jọ láti tò. Kí omi inú ọ̀rá wà lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, kó má jẹ́ pé abẹ́ tábìlì àwọn èèkàn nìkan ló wà. Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá kọjá lórí àkókò tí alága kò yọjú, kí èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ọ̀gá iléèwé gba ìkíni, kí àwọn ọmọ yan, kí wọ́n máa lọ sílé. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò pe ìyẹn ní àfojúdi. Ẹni tó pe ọmọ ọdún mẹ́jọ jáde láàárọ̀, tí òun alára wá dé lọ́sàn-án, kí la ó pe tirẹ̀?

Ìdánrawò náà ní ìwọ̀n. Àárín oṣù kẹsàn-án ni iléèwé sábà máa ń wọlé, nítorí náà kò ju bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó kù. Tíṣà mìíràn á wá sọ ọ̀sẹ̀ méjèèjì di ti lẹ́fùtì-ráìtì, fèrè lẹ́nu, ẹgba lọ́wọ́, ìṣirò àti ìwé kíkà á dúró. Wákàtí kan lójúmọ́ ti tó. Kò sẹ́ni tó ń wá sí pápá ìlú kékeré torí àtiwo ẹsẹ̀ tó gún régé. Ẹni tí gbogbo pápá ń wò ni ọmọ tó kéré jù ní ìlà ìkẹyìn, tó wọ ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń yọ̀ wálẹ̀, tó ń ju ọwọ́ ọ̀tún pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, tó sì le ojú koko. Bí wọ́n bá dé iwájú àtíbàbà tí wọ́n ní kí gbogbo wọn wo ọ̀tún, òsì ni yóò wò, torí ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ dúró sí. Òun ni wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún jù. Ẹ má nà án tó bá padà dé kíláàsì.

Má ṣe. Ẹ má ta ìbọ̀wọ́ funfun fún òbí.

Ẹ má ta bẹ́líìtì, ẹ má ta ańkárá Òmìnira. Oṣù kẹsàn-án yìí kan náà ni wọ́n ra ìwé, tí wọ́n ra bàtà, tí wọ́n san gbogbo ohun tí iléèwé ní kí wọ́n san. Aṣọ iléèwé tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n lọ̀, ti tó yan.

Ṣe. Ẹ fa okùn àsíá wò ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú.

Àsíá tí wọ́n bá fẹ́ ta lọ́jọ́ náà, wọ́n máa ń ká a ni, wọ́n á ta á ní kókó tí kò le, kó lè jẹ́ pé tó bá dé òkè, wọ́n á fa okùn lẹ́ẹ̀kan, á sì tú. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n okùn tó ti wà nínú òjò láti èṣí kì í gbọ́ràn. Ọmọ Boys' Brigade á fà, á fà, orin á parí, àsíá á ṣì wà lókè ní kíká, gbogbo ojú á wà lára ọmọ náà, òógùn á bò ó. Ẹ pààrọ̀ okùn. Ẹ ta òróró sí ibi tó ti ń yí lórí òpó. Kí ẹni tó máa fà á fúnra rẹ̀ ta kókó náà.

Ẹ yẹ àsíá fúnra rẹ̀ wò. Àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé: ìlà mẹ́ta tó dọ́gba, tó dúró lóòró, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀. Oòrùn ọdún kan ti tó láti ba àwọ̀ ewé iwájú káńsù jẹ́. Ẹ ra tuntun. Kò wọ́n tó iye tí ẹ fi ń háyà aṣọ bo àga. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ sí i lára, ẹ má lẹ àwòrán olóṣèlú mọ́ àárín funfun, ẹ má tẹ́ ẹ sórí tábìlì kí ẹ wá gbé ìgò mínírà lé e. Aṣọ tábìlì wà lọ́jà.

Ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ẹni tó yà á. Táíwò Akínkúnmi ni, ọmọ Yorùbá, akẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó gbọ́ nípa ìdíje náà tó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Oòrùn pupa wà láàárín ìlà funfun nínú èyí tó fi ránṣẹ́. Àwọn tó ṣèdájọ́ yọ ọ́. Ó padà wálé, ó ń gbé Ìbàdàn jẹ́ẹ́jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ìjọba tó wá fi oyè OFR dá a lọ́lá ní 2014. Ó kú ní 2023. Ọmọ kíláàsì mẹ́rin tó bá gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ló ya nǹkan tó wà lókè yẹn, yóò tún gbójú sókè wò ó.

Ṣe. Ẹ kọ́ àwọn èèyàn ní orin náà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tíṣà.

Ní 29 oṣù karùn-ún 2024 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin tó dá orin orílẹ̀-èdè ti 1960 padà, èyí tí obìnrin òyìnbó kan, Lillian Jean Williams, kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé èyí tí a ti ń kọ láti 1978 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ wá wo ohun tí ìyẹn dá sílẹ̀ ní pápá. Àwọn ìyá àgbà tó lọ síléèwé lẹ́yìn Òmìnira ń kọ ọ́ láìwo ibì kan. Àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ń kọ ọ́. Àwọn tó wà láàárín, láti ẹni ogún ọdún dé ẹni àádọ́ta ọdún ó lé, tíṣà àti alága nínú wọn, ń mi ẹnu lásán.

Ẹ̀bi wọn kọ́. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ orin náà sí bébà kékeré, kí ẹ pín in lẹ́nu géètì. Ẹ fún ìyá àgbà méjì tàbí mẹ́ta ní gbohùngbohùn kí wọ́n dá a, kí gbogbo pápá gbè é. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn ju kí ẹnì kan gbé fóònù sẹ́nu gbohùngbohùn, kí nẹ́tíwọ̀kì já ní ìdajì, kí gbogbo wa wá dúró gbagidi. Bóyá ó yẹ kí wọ́n yí orin náà padà tàbí kò yẹ, ẹ lọ jà á nílé ẹlẹ́mu lẹ́yìn ètò.

Má ṣe. Ẹ má tún ọ̀rọ̀ Ààrẹ kà fún wa.

Ààrẹ á ti sọ tirẹ̀ lórí rédíò, gómìnà á sọ tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ ti gbọ́ kó tó jáde nílé. Kí alága tún wá tú bébà sílẹ̀, kó máa ka Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tó jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n fi ń gbéra nílẹ̀ láàárọ̀, ìyà gidi ni.

Ìṣẹ́jú márùn-ún, lédè Yorùbá, lórí ohun tí káńsù ṣe nílùú yìí láti Òmìnira èṣí. Kànga ẹ̀rọ ẹ̀yìn ọjà tó bàjẹ́, ṣé wọ́n ti tún un ṣe? Ilé ìwòsàn alábọ́dé, ṣé nọ́ọ̀sì ń sùn níbẹ̀? Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ ní oṣù keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa bọ́ sí wọn lọ́wọ́ tààrà, kó má gba ọ̀dọ̀ gómìnà mọ́. Òní yìí gan-an ló dára láti béèrè iye tó ti dé àti ibi tó gbà. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè, kó fi ọ̀wọ̀ béèrè, kó sì jókòó gbọ́ èsì. Bí alága kò bá sì ní èsì, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré yóò tó o.

Ti àdúrà: alùfáà Mùsùlùmí kan, pásítọ̀ kan, ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ẹni tó ṣí ètò lọ́dún yìí ni yóò pa á dé lọ́dún tó ń bọ̀.

Ṣe. Ẹ fi àga kan síwájú fún ẹni tó fojú rí 1960.

Ọmọ tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́wàá nígbà náà ti pé márùndínlọ́gọ́rin ó lé. Wọ́n ṣì wà láàárín wa, a ṣì lè bi wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń rántí ife àti àwo tí wọ́n pín níléèwé, àti àsíá kékeré orí igi tí wọ́n gbé rìn káàkiri ìlú. Àmọ́ bí ẹ bá bi àgbà pé báwo ni Òmìnira ṣe rí, “ó dùn” ni yóò sọ, kò sì ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọmọ kíláàsì mẹ́fà bi wọ́n ní ìbéèrè tó mú: Ta ló pín ife náà? Ṣé wọ́n fún àwọn tí kò lọ síléèwé? Kí lẹ jẹ lọ́jọ́ náà? Ṣé bàbá yín lọ sóko? Èló ni wọ́n ń ra kòkó lọ́dún yẹn? Kí ẹnì kan máa fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, kí iléèwé sì tọ́jú rẹ̀.

Bí àgbà náà bá ti ibẹ̀ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ “wẹ́tíẹ̀”, ẹ má gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí àsíá wa gòkè, Tafawa Balewa ni olórí ìjọba ní Èkó, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni olórí alátakò níbẹ̀, S. L. Akíntọ́lá sì ni Prẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn náà, lẹ́yìn ìdìbò 1965, ọmọ Yorùbá ń da bẹntiróòlù sí ilé ọmọ Yorùbá; ìyẹn ni wọ́n ń pè ní “wẹ́tíẹ̀”. Bí ilé tí wọ́n jó nígbà náà bá wà nílùú yín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ilé tí í ṣe. Atọ́kùn ètò á máa ṣẹ́jú sí yín pé àkókò ti lọ. Ẹ ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ìgbà tí alága ń sọ̀rọ̀ ló yẹ kó ti máa ṣẹ́jú.

Má ṣe. Ẹ má ná owó lé onílù lórí ní pápá.

Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 là á mọ́lẹ̀: ẹni tó bá ń fọ́n náírà tàbí tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà jura, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí kó rí méjèèjì. Ní 2024, wọ́n fi èèyàn sẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀. DPO, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú, sì wà lábẹ́ àtíbàbà kan náà pẹ̀lú yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi òfin bojú kí ẹ wá jẹ́ kí onígángan lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ó ki baba ńlá yín dé ìran kẹrin, ẹ̀yin náà sì gbọn èjìká. Ẹ wá àpòòwé.

Ṣe. Ẹ bọ́ ọmọ kí ẹ tó bọ́ èèkàn.

Gbogbo wa la mọ kúlà kan tó máa ń wà lẹ́yìn àtíbàbà, tí obìnrin kan jókòó tì, tí kò gbọdọ̀ ṣí i fún ẹnikẹ́ni àfi tí ẹ bá dárúkọ ẹni tó rán yín. Ẹran ibẹ̀ tóbi. Àwọn tí wọ́n máa jẹ ẹ́ ti jẹun kúrò nílé. Àwọn ọmọ tó yan ní tiwọn gba bísíkíìtì kan àti omi ọ̀rá kan, wọ́n ní kí wọ́n pín in méjì-méjì.

Ẹ yí i padà. Ẹ bẹ àwọn ìyá aláàkàrà àti ẹlẹ́kọ ìlú níṣẹ́, àwọn mẹ́ta-mẹ́rin, kí wọ́n dín àkàrà fún àwọn ọmọ láàárọ̀ kí yíyan tó bẹ̀rẹ̀. Àkàrà gbígbóná mẹ́ta àti ẹ̀kọ kan, ọmọ tó jẹ ẹ́ kì í ṣubú. Owó náà á dúró sínú ìlú. Àwọn èèkàn lè jẹ iyán lẹ́yìn náà. Iṣu tuntun ti wà lóde lásìkò yìí. Ẹ má ṣèlérí ìrẹsì fún gbogbo ìlú, torí ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń pín in ni Òmìnira ti máa ń di ìjà. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má gba owó ìdúró lọ́wọ́ ẹlẹ́pà àti ẹni tó ń ta dòǹdò. Wọ́n ti sanwó ọjà tó lánàá.

Ṣe. Ẹ jẹ́ kí eré pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ.

Fífa okùn láàárín àwọn ọlọ́kadà àti àwọn tíṣà. Eré bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ láàárín àdúgbò méjì tí wọ́n ti ń bínú síra wọn láti ọdún mélòó kan, pẹ̀lú adarí eré tó wá láti ìlú mìíràn. Ayò ọlọ́pọ́n fún àwọn bàbá: ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, àwọn òǹwòran tí wọ́n ń pè é ju àwọn tó ń ta á lọ. Ìbéèrè fún àwọn ọmọ, kó má jẹ́ ti 1960 nìkan. Ẹ bi wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1963. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò mọ̀ pé ọjọ́ náà ni Ayaba Gẹ̀ẹ́sì ṣíwọ́ jíjẹ́ olórí orílẹ̀-èdè wa, tí Nnamdi Azikiwe di ààrẹ.

Egúngún ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Egúngún ní ìgbà tirẹ̀ àti àwọn tó ni ín. Bí ẹ bá ní kó jáde wá kí alága nítorí fọ́tò, ẹ ti sọ bàbá yín di eléré.

Má ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti Èkó tàbí òkè òkun, ẹ má fọn fèrè wọlé.

Ìlú tí gbogbo rẹ̀ kò ju òpópónà kan lọ kò nílò ọkọ̀ mẹ́rin tó ń ké fíín-fíín. Ẹ dé ní alẹ́ tó ṣáájú, kí ẹ sun ilé, kí ẹ lọ kí tíṣà tó kọ́ yín tó bá ṣì wà láyé. Ẹ má gbé àpótí ìkówójọ jáde. Ọjọ́ Ìlú tí ẹ máa ń ṣe lásìkò Kérésì wà fún ìyẹn. Ẹni tó wá wo ọmọ rẹ̀ tó ń yan kò gbọdọ̀ máa bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ pe orúkọ òun.

Ẹ fi fìlà ẹgbẹ́ òṣèlú sílé, pàápàá bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé. Ẹ má pín ṣẹ́ẹ̀tì tó ní ojú yín láyà fún àwọn ọmọ. Bí ẹ bá ní ọmọ tí Yorùbá rẹ̀ kò já gaara, ẹ bẹ iléèwé tí ẹ ti jáde kí ọmọ náà lè yan pẹ̀lú wọn. Wọ́n á fi í rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, á ti ní ọ̀rẹ́.

Má ṣe. Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé òjò ń bọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ni, àrọ̀kúrò kò tíì lọ. Ẹ ti pinnu sílẹ̀ gbọ̀ngàn tàbí kíláàsì tí gbogbo ètò á kó lọ, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọlọ́kadà kí wọ́n má lọ jìnnà. Bí òjò bá dé, àwọn ọmọ ni kó kọ́kọ́ wọlé. Mo ti rí ibi tí àwọn àgbà ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí àwọn ọmọ sì ń wo wọ́n látinú òjò.

Má ṣe. Ẹ má fi fóònù dí ọ̀nà yíyan.

Bàbá kan, fóònù kan, ó dúró sáàárín ìlà funfun láti ya ọmọ rẹ̀; ogún ọmọ mìíràn á pín sọ́tùn-ún sósì kí wọ́n tó lè kọjá. Ẹ fi okùn pa ààlà. Ẹ yan ayàwòrán kan, kó fi gbogbo fọ́tò sórí WhatsApp ìlú lálẹ́.

Ṣe. Ẹ sọ àsíá kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì palẹ̀ mọ́.

Ojúmọ́ kejì, iléèwé ni pápá yẹn tún jẹ́. Kò dára kó jẹ́ pé àwọn ọmọ kan náà tó yan lánàá ni wọ́n máa wá ṣa ọ̀rá omi tí àwọn àgbà jù sílẹ̀ káàkiri. Kí kọ̀míìtì san owó àwọn ọ̀dọ́ mẹ́wàá tó máa gbá a kí ilẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n san ti oníjẹnẹrétọ̀ àti ti ẹni tó ni àga oníke lójú ẹsẹ̀. “Ẹ wá lọ́la” ni kì í jẹ́ kí wọ́n fún yín ní àga tó dára lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Kí oṣù tó parí, kí akápò lẹ ìṣirò mọ́ pátákó gbọ̀ngàn ìlú: iye tó wọlé, ẹni tó fún wa, iye tó jáde, ohun tó bá a lọ. Kó kọ iye tí wọ́n ná sórí àwọn ọmọ sọ́tọ̀, kó kọ iye tí wọ́n ná sábẹ́ àtíbàbà sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá ní kò sídìí fún ìyẹn, kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ dìde, kí wọ́n béèrè ìwé ẹ̀rí ohun tí wọ́n rà. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹran inú kúlà yẹn.